Abọ́ Ìrẹsì Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Ìyá Olówùú

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Muṣin, a kì í wo kàlẹ́ńdà kí á tó mọ̀ pé Kérésìmesì ti sún mọ́lé. Ọyẹ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún wa. Ètè gbogbo ọmọ á là, ẹsẹ̀ wa á funfun báláú, eruku á sì bo gbogbo páànù àdúgbò. Bí ọyẹ́ bá ti mú bẹ́ẹ̀, inú àwọn ọmọdé a máa dùn, nítorí a mọ̀ pé aṣọ ọdún ti wà lọ́wọ́ télọ̀. Bóyá inú tiyín náà máa ń dùn. Ní tèmi, láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọyẹ́ ti máa ń bà mí nínú jẹ́. N ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín lónìí, nítorí mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ń fi nǹkan pamọ́.

Yàrá méjì ni a gbà nínú ilé kan tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, màmá mi sì ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé kan ní Yaba. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní òpópónà wa. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, tí a máa ń gba orí pákó gọ́tà kọjá sí ilé rẹ̀. Òwú ìránṣọ, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì ló ń tà, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ìyá Olówùú. Ó ju màmá mi lọ dáadáa, Àǹtí ni màmá mi máa ń pè é, òun náà a sì máa pe màmá mi ní Tíṣà.

Ẹ má rò pé ará àdúgbò lásán ni wọ́n jẹ́ fún ara wọn o. Màmá mi kò ní ẹ̀gbọ́n kankan ní Èkó. Ìyá Olówùú ló wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi, òun náà ló wẹ àbúrò mi. Bí Iléyá bá dé, ẹran tiwa ló máa kọ́kọ́ jáde ní ilé rẹ̀. Bí Kérésìmesì bá dé, abọ́ tirẹ̀ ni màmá mi máa kọ́kọ́ bù. Nígbà tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ojú wa tó là tán, ẹni tó jẹ oúnjẹ á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó gbé e wá, á ní ẹ ṣeun àná, wọ́n á sì jókòó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi gòkè.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n jà, èmi ni mo sì fa ìjà náà. Mo sáré dá títì kọjá láì wo ọ̀tún tàbí òsì, díẹ̀ ló kù kí lọ́rì kan gbá mi. Ìyá Olówùú fà mí jáde, ó gbá mi létí méjì, ó sì fi mí sí ìkúnlẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, gbogbo àgbà ló ni ọmọ. Ṣùgbọ́n màmá mi ti Yaba dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún lórí eékún, kò sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Lójú gbogbo èèyàn ló ti sọ pé, "Ẹ lọ máa na ọmọ tiyín, ẹ fi tèmi sílẹ̀."

Ìyá Olówùú wò ó, ó gbé àtẹ òwú rẹ̀, ó wọlé. Nígbà tí màmá mi gbọ́ nípa lọ́rì náà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì pẹ́ kó tó dìde. Ojú tì í láti lọ. Ọjọ́ di ọ̀sẹ̀, wọn kò kí ara wọn mọ́. Mo gbọ́ tó ń sọ fún bàbá mi pé òun ti ṣẹ̀, òun mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Bàbá mi ní kó lọ kúnlẹ̀. Màmá mi ní òun á jẹ́ kí ọjọ́ ọdún kò, pé òun á bu oúnjẹ Àǹtí gẹ́gẹ́ bí òun ṣe máa ń bù ú. Tí Àǹtí bá lè jẹ ẹ́, á wá dúpẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun á sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nínú yàrá òun.

Nítorí Ìyá Olówùú nìkan ni màmá mi fi gbé àwọn adìẹ ọdún lọ bá Àáfà ìsàlẹ̀ òpópónà kó bá a dú wọn. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bu ìrẹsì sínú abọ́ tánganran olómorí, ó gbé odindi itan adìẹ lé e, ó sì fi aṣọ funfun dì í. Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n tó gbé e sílẹ̀, kí n sì sọ pé òun kò lè ṣọdún láìsí Àǹtí òun.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà òmùgọ̀ mi. Bàbá mi ra awò ojú dúdú oníke kan fún mi ní ọjà Yaba, irú èyí tí àwọn ọmọ Èkó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Màmá mi ní kí n bọ́ ọ nítorí oúnjẹ tí mo gbé, mo sì bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà tí mo rí i pé àwọn ẹgbẹ́ mi wà ní ọ̀ọ́kán, mo gbé abọ́ lé ọwọ́ kan, mo sì tún wọ̀ ọ́. Gbogbo ayé ṣú lójú mi. Mo rìn ṣakaṣaka dé orí pákó gọ́tà, ẹsẹ̀ mi sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi dì í tú, omorí ṣí, itan adìẹ wọ inú gọ́tà, ìrẹsì dà sílẹ̀, ewúrẹ́ àdúgbò sì dé kí n tó dìde.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ti sáré tẹ̀lé ẹni tó ń yin báńgà, kò sí ẹni tó rí mi. Ká ní ẹnì kan rí mi ni, ì bá dára fún mi. Mo lọ fọ abọ́ náà lẹ́nu ẹ̀rọ omi, mo dúró lẹ́yìn ilé títí tí mo fi rò pé àkókò tó, mo wá gbé e wọlé. Màmá mi rí ẹ̀jẹ̀ lórúnkún mi. Mo ní ìgbà tí mò ń bọ̀ ni mo ṣubú.

"Ṣé wọ́n gbà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹ ṣeun, pé ẹ máa ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé."

Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó fi etí ìró nu ojú, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹran kan nínú ìkòkò fún mi nítorí pé mo jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Mo jẹ ẹran náà. Lẹ́yìn èyí ni mo gbé abọ́ àwọn yòókù káàkiri òpópónà, láti ilé dé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi tètè jí. Ó gbá yàrá, ó tẹ́ aṣọ tuntun sórí àga, ó gbé bísíkíìtì àti mínírà kalẹ̀. Ó jókòó. Nígbà tó pẹ́, ó jáde lọ dúró níbi tí ẹni tó bá ń bọ̀ lè rí i. Ìyá Olówùú jáde láti da omi nù, ojú wọn ko ara wọn, ó sì yí ẹ̀yìn padà wọlé. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Màmá mi wọlé, ó ká aṣọ orí àga, ó ní, "Ó jẹ oúnjẹ mi tán, kò lè kí mi."

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹgba ni mo ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ kejì, irọ́ náà ti wúwo ju ìrẹsì lọ. Nígbà tí Iléyá dé tí ẹran kò jáde láti òdìkejì, màmá mi kàn mi orí, n kò sì mọ bí ọmọdé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, a kó lọ sí Sùúrùlérè. Ìyá Olówùú dúró lójú fèrèsé nígbà tí a ń kẹ́rù sínú ọkọ̀, kò sí ẹni tó sọ pé ó dìgbóṣe.

Màmá mi kò tún ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó kí àwọn èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n kò jókòó ti ẹnikẹ́ni. Nígbà ọyẹ́ tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, mò ń fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kàn ṣàdéédéé sọ pé, "Mi ò mọ bí Àǹtí ṣe lè jẹ oúnjẹ mi kó má dárí jì mí." Mo lanu láti jẹ́wọ́, mo tún pa á dé. Mo sọ fún ara mi pé ara rẹ̀ kò yá, pé n kò gbọdọ̀ dà á láàmú. Irọ́ ni mo tún ń pa fún ara mi, ẹ̀rù ló ń bà mí bíi ti ọjọ́sí. Kò rí oṣù kejì.

Lẹ́yìn tí a sin ín, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Muṣin. Mo bá Ìyá Olówùú lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé yẹn kan náà, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ríran. Ó béèrè màmá mi. Mo sọ fún un pé ó ti lọ. Mo kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, mo sì ro gbogbo rẹ̀ láti orí awò ojú dúdú dé orí irọ́.

"Mo fọ abọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Mo ní káwọn ọmọ mi má tíì jẹun, pé oúnjẹ Tíṣà ń bọ̀. Mo ń wò ẹ́ bó o ṣe ń gbé e kọjá lọ sílé àwọn ẹlòmíì."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní òun ti dárí jì mí. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. "Tèmi lo wá tú sílẹ̀ yìí. Tìyá ẹ ńkọ́?"

Èkó ti yí padà. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ọlọ́kadà ló máa ń gbé ìrẹsì wá sí ẹnu géètì wa ní Sùúrùlérè, fóònù á sì sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́ pé ó ti dé. Àwọn ọmọ-ọmọ mi á fi àwòrán ọwọ́ méjì dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ká ní fóònù wà nígbà náà, àṣírí mi kò ní pẹ́ kó tó tú. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó ń jí lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹnì kan láàárọ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè wa. N kò mọ èyí tó sàn jù nínú méjèèjì, n kò sì ní tan yín.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé, ká ní mo sọ òótọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, màmá mi ì bá fi sálúbàtà nà mí, ì bá bu òmíràn, ì bá sì gbé e lọ fúnra rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ǹ bá ti gbàgbé ẹgba náà. Ẹgba yẹn ni mo sá fún, tí màmá mi fi kú láìní ọ̀rẹ́ rẹ̀.