Àwọn Tó Ka Ìwé Dírágónì ní Ìyànà Ọ̀fà

Ọdún méjì péré ló kù kí Ìyáàfin Dorothy Ọláníran fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé dírágónì ṣẹlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́bàá Ìyànà Ọ̀fà. Adégbayì lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti dá ọkọ náà dùbúlẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyá yìí yóò ti wẹ̀ fún un, yóò ti fún un lóògùn, yóò ti fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kó tó jáde lọ wá ọ̀kadà. Bó bá fi máa dé kíláàsì, á ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti oko dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan tó wà lókè òkun ló fi páálí ìwé kan ránṣẹ́ sí ilé-ìwé náà. Ẹ̀dà mẹ́fà ìwé ìtàn kan báyìí wà nínú rẹ̀, ìwé tó ki pọ́pọ́, tí wọ́n ya dírágónì dúdú sí iwájú rẹ̀. Ìyáàfin Ọláníran ní ẹgbẹ́ ìkàwé kékeré kan tó máa ń jókòó ní ọjọ́rú lẹ́yìn ìjáde. Ó ka ọgbọ̀n ojú ìwé àkọ́kọ́, ó rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ já gaara, oorun sì gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì ó pín ìwé náà fún àwọn ọmọ. Kò kà á tán. Ohun tó dùn ún jù nígbà tó yá nìyẹn.

Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó ń gbé ní ìlú àwọn awakùsà lábẹ́ òkè. Dírágónì orí òkè náà a máa pa ènìyàn jẹ, ẹni tó bá sì jẹ, ohùn onítọ̀hún á di tirẹ̀. Ó jẹ ìyá ọmọbìnrin náà. Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, yóò máa fi ohùn ìyá pe ọmọ kó máa bọ̀ lórí òkè.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìkàwé kó sínú ìwé náà bí eṣinṣin ṣe ń kó sínú oyin. Ìyáàfin ní kí oníkálùkù kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ṣeunfúnmi kọ ọ́ pé ìwé náà bí òun nínú débi pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun sọ ọ́ mọ́ ògiri, òun sì tún lọ he é. Bólúwatifẹ́ ka iye ènìyàn tó kú: mọ́kànlélógójì. Ó ní èyí tó kọ ọ́ kò láàánú. Rùkáyátù ní òun kò bẹ̀rù dírágónì náà, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bíi bàbá bàbá òun, bẹ́ẹ̀ gbogbo ilé ló ń bẹ̀rù bàbá náà. Ìyanuolúwa, tó dákẹ́ jù nínú wọn, kọ ìlà kan péré: "Mo ti ka ojú ìwé igba ó lé méjìlá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. N kò tíì kọjá rẹ̀."

Ìyáàfin fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ "Gbìyànjú sí i" sí ẹ̀gbẹ́, ó sì kọjá sí ti ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni bàbá Ìyanuolúwa dé. Jonathan lorúkọ rẹ̀, alàgbà ni ní ìjọ Àpọ́sítélì, ó sì ń mọ búlọ́ọ̀kù tà ní Adégbayì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní èṣí. Níwájú ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Fọlájìmí, ló ti na ìwé náà sókè.

"Ọmọ mi ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá! Mo wọlé, ìwé yìí ni mo bá lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tí Bíbélì ní dírágónì jẹ́. Ta ló wá di Èṣù sínú páálí ránṣẹ́ sáwọn ọmọ wa?"

Ọ̀gá yíjú sí Ìyáàfin Ọláníran. "Mà, ẹ̀yin lẹ pín in. Kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?"

Ọgbọ̀n ojú ìwé péré ni Ìyáàfin mọ̀ nínú rẹ̀. Ojú tì í. Ọ̀gá wá ní kó lọ kà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó sì kọ àbọ̀ wá fún ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kí wọ́n tó ṣèpàdé ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi kà á, ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọkọ rẹ̀, láàárín aṣọ fífọ̀ àti ìwé àwọn ọmọ tó yẹ kó máàkì.

"Kí lo... ń kà?" Ọkọ ló bi í. Apá kan ẹnu rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

"Ìtàn dírágónì ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín ní ẹ̀gbẹ́ kan. Òun ló máa ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà wọn fún ogún ọdún. Bó bá ń kọrin lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, àga á máa gbọ̀n.

Ní ojú ìwé igba ó lé méjìlá, dírágónì kò dẹ́rù ba ọmọ náà. Ohùn ìyá ló fi bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ti di irun rẹ̀, ta ló ń bá a dì í. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyáàfin Ọláníran pa ìwé náà dé, ó wo ọkọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá rántí bíírò pupa tó fi fa ìlà.

Ní ìparí ìwé, ọmọbìnrin náà gun òkè, ó sì gé ahọ́n dírágónì. Gbogbo ohùn tó wà níbẹ̀ kú, ti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìyáàfin kọ àbọ̀ ojú ewé mẹ́rin. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò ka ìwé náà tán kí òun tó pín in. Ó kọ pé ìwé náà le, àwọn ọmọdé kò gbọdọ̀ dá a kà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé Èṣù. Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ ni. Nígbà tó gbé e dé ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni Fọlájìmí gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fi sábẹ́ fáìlì kan.

"Ẹ kú wàhálà, Mà. Wọ́n tiẹ̀ ti fẹnu kò sí i lánàá. A máa ti àwọn ìwé yẹn mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù."

"Lánàá? Ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì tíì pé."

"Wọ́n ti fà á síwájú, Mà. Ẹ má bínú."

Kò bínú. Agbára ìbínú kò sí lára rẹ̀. Ó kàn wo àga tó wà níwájú rẹ̀, kò sì jókòó, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó, dídìde á ṣòro.

Ó ń dúró de ọ̀kadà lẹ́bàá títì nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró. Jonathan ni. "Ẹ wọlé, Mà. Ọ̀nà kan náà là ń lọ."

Ọkọ̀ rìn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọkùnrin náà ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe parí?"

"Kí ni?"

"Ìwé yẹn. Mo ní kí n wá ẹ̀rí ni mo ṣe ṣí i. Gẹ̀ẹ́sì mi ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mo ń kà á lọ. Mo dé ibi tí ìyá ti ń béèrè ọ̀rọ̀ irun. Ìyá Ìyanu ló máa ń di irun fún un ní gbogbo Sátidé. Ohun tí mo gbọ́ nínú yàrá nìyẹn. Ó ń ka ibẹ̀ sókè, ó sì ń fi ohùn ìyá rẹ̀ kà á. Mo rò pé iwin ni. Ṣé ọmọ inú ìwé yẹn padà rí ìyá ẹ̀?"

Ìyáàfin kò fẹ́ purọ́ fún un. "Rárá, Bàbá Ìyanu. Ó gé ahọ́n ẹranko náà. Ohùn yẹn kò sọ̀rọ̀ mọ́."

Jonathan dín eré ọkọ̀ kù. "Ẹ má sọ fún Ìyanu o."

"Ó ti mọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti jiyàn lórí ìparí ìwé náà lójú ẹ̀. Nítorí pé ó mọ̀ ni kò fi kọjá ojú ìwé yẹn."

Jonathan rọra dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún wakọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dé Adégbayì, ó kàn ní, "Ẹ ṣeun, Mà," ìyá náà sì sọ̀ kalẹ̀.

Ìwé márùn-ún wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá. Jonathan kò dá ìkẹfà padà, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dìde nínú ẹgbẹ́ òbí pé òun ti yí ọkàn padà. Ìyáàfin náà kò retí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọmọ mẹ́rin péré ló wá sí ẹgbẹ́ ìkàwé. Ìyanuolúwa wà níbẹ̀. Kí àwọn yòókù tó jókòó, ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Mà, mo ti parí ẹ̀. Èmi àti dádì mi la jọ kà á lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ń kà, mo ń túmọ̀ fún wọn."

"Báwo ló ṣe rí lára ẹ?"

Ọmọ náà ronú. "Kò dùn, Mà. Wọ́n sunkún. Èmi ò sunkún títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀."

"Jẹ́ kí n rí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ," ni Ìyáàfin wí. Ó fi bíírò pa "Gbìyànjú sí i" tó ti kọ síbẹ̀ rẹ́, kò sì kọ nǹkan mìíràn. Ó dá ìwé náà padà fún un, ó ní kí gbogbo wọn ṣí ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn sí àkàyé kan tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń sá kòkó.