Ènì fún Ìkíni

Ìwọ̀n ni Ràmílátù fi jẹun láyé. Ìrẹsì ló tà ní ọjà Adjamé Roxy, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, títí ọlọ́jọ́ fi dé, bó bá sì ti wọn abọ́ kan tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. "Ẹni tí o ò fún lénì," á ní, "ọ̀nà ilé ẹlòmíì lo fi hàn án."

Ọmọ rẹ̀ Rahmatou náà, ìwọ̀n ló ń ṣe, àmọ́ ohùn ni tirẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ní àdúgbò Riviera, ó gba yàrá kékeré kan ní Adjamé, ó sì fi páálí ẹyin bo ògiri rẹ̀ nítorí ariwo ọkọ̀. Ẹni tó bá ń kọrin níbẹ̀ ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tirẹ̀ àti ọ̀nà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè tún ohùn ẹnì kan ṣe láì fọwọ́ kan ti ẹlòmíì. Ó dára, àmọ́ ó ń jẹ àyè. Ohùn kan ń jẹ mégà márùn-ún ní ìṣẹ́jú kan; ti ẹni mẹ́jọ á di ogójì. Rahmatou á ṣírò rẹ̀, á sì fi ènì sí i.

Lọ́dún 2005, Ìyá Silifatou ní òun ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àjò kì í dùn kónílé má relé. Òun nìkan ló kù ní Adjamé tó mọ ẹkún ìyàwó dé ìdí. Òun ló kọ́ Ràmílátù nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Rahmatou ò kọ́ ọ ní tirẹ̀. Faransé ló kún ẹnu rẹ̀ nígbà náà, àìkọ́ ọ sì ń dùn ún. Ló bá bẹ ìyá náà kó wá sun ún sílẹ̀, òun àti obìnrin méje tí yóò máa gbè é.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n wá, ọkọ̀ ìyá sì ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá ní ẹkún náà ò ní ju wákàtí kan lọ. Àyè ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú wà nílẹ̀. Ènì rẹpẹtẹ!

Rahmatou tan ẹ̀rọ. Ìyá Silifatou la ẹnu, ó ń kí ènìyàn. Ó kí onílé, ó kí ará Treichville, ó kí ará Roxy nílé nílé, ó kí àwọn tó ti kú, àwọn méje ń dáhùn. Ta ló máa dá ìkíni mọ́ àgbà lẹ́nu? Rahmatou rò pé ó máa tó parí. Ìgbà tó wo ojú kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kù, ẹkún ò tíì bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, ẹ máà bínú, disque dur kọ̀ǹpútà yìí ti fẹ́ẹ́ kún."

"Kí ló kún un?"

"Ìkíni yín ni, mà."

"Ṣé ká wọlé onílé ká má kí i ni?" Àwọn méje bú sẹ́rìn-ín.

Ìsọ̀ ti tì, kò síbi tó ti máa ra dísìkì míì, iṣẹ́ oníbàárà ló sì kún ìyókù dísìkì náà. Ìkíni nìkan ló ṣeé pa rẹ́. Rahmatou gbé gbohùngbọ́ sétí láti gbọ́ ibi tó máa gé, ó sì gbọ́ ohùn ìyá:

"Mo kí ọ, Ràmílátù, oníṣòwò tí kì í gbàgbé ènì. Ọmọ rẹ ṣe wá lálejò o."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò lè pa á rẹ́.

Ó dìde, ó yọ gbohùngbohùn méje, ó ní kí gbogbo wọn sún mọ́ ẹyọ kan tó kù. Ohùn mẹ́jọ di ọ̀nà kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sì di igba. Àmọ́ kò ní lè ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ mọ́, Nimotou, ọ̀kan nínú àwọn agberin, sì ń wúkọ́. Wọ́n sun ẹkún náà dópin, tikọ́tikọ́.

Ìyá ti lọ. Rahmatou fi ohùn náà ṣe CD, àmọ́ àwọn tó ń wá rà á kì í béèrè ẹkún. "Ibo ló ti kí wa?" ni wọ́n máa ń wí. Rahmatou náà kì í ṣírò àyè fún ẹnikẹ́ni mọ́ láì kọ́kọ́ béèrè àwọn tí wọ́n máa kí.

Nígbà mìíràn tí kò bá sí oníbàárà, á ṣí ìkíni náà, á pa ohùn àwọn méje, á fi ti Ìyá Silifatou nìkan sílẹ̀.

"Mo kí ọ, Ràmílátù."

Rahmatou á kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, á dáhùn ní orúkọ ìyá rẹ̀: "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú ọ̀nà jíjìn."