Bàbá Gàníyù àti Kúlà Tó Ń Dún

Bí ẹ bá dárúkọ Bàbá Gàníyù atúnaagoṣe ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́, lónìí, kí ẹ tó ní kí Ọlọ́run forí jì í, ẹnìkan á ti bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ẹ̀fọ́ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ọjọ́rú kan ni. Nǹkan kan ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò ọmọ kan ní kíláàsì kejì, kò sì dákẹ́. Anti Abigail, olùkọ́ wọn, kó gbogbo ọmọ jáde. Ọ̀gá ilé ìwé rí wọn níta, òun náà kó ilé ìwé tó kù jáde. Kò pẹ́ rárá tí igba ọmọ fi wà lórí pápá, àpò kan ṣoṣo ń ké gbirin gbirin nínú kíláàsì, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Kọ́púrà Philip ni wọ́n rán wá. Bí ó ṣe ń wọlé ni Bàbá Gàníyù náà ń wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, sìkúrù-díráfà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn. A ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.”

“Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni.”

“Ẹ̀fọ́ ló ń dún báyìí?”

“Kúlà oúnjẹ ọmọ-ọmọ mi ló ń dún. Ẹ̀fọ́ wà lókè, dòdò àti ẹran wà nísàlẹ̀. Mo ti ìsàlẹ̀ pa. Bó bá jẹ ẹ̀fọ́ tán, òkè á fúyẹ́, ìsàlẹ̀ á ṣí fúnra ẹ̀. Ẹnìkan ló fẹ́ fi rúlà yọ dòdò, ni aago bá figbe ta.”

“Ẹ pa á, ẹ jọ̀ọ́.”

“Kò ṣeé pa. Àfi kí ẹ̀fọ́ tán.”

“Ẹ jẹ́ ká dà á nù nígbà náà.”

Bàbá Gàníyù wò ó bí ẹni pé ó bú u. “Ẹ̀fọ́ tí mo fọwọ́ ara mi já láàárọ̀ yìí? Tí mo fi irú sí?”

Kọ́púrà Philip kò tíì jẹun láti òwúrọ̀. Ó jókòó sórí pèpéle, ó ṣí fìlà, ó gba ṣíbí ọmọ náà, ó sì jẹ ẹ̀fọ́ lójú igba ọmọ. Bí ó ti gbé èyí tó kẹ́yìn mì, kúlà ró kẹ́, aago dákẹ́, ìsàlẹ̀ ṣí. Ó jẹ dòdò náà mọ́ ọn. Nínú ìwé tí ó kọ sí àgọ́, ó ní òun ti tú ohun náà ká, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Bàbá Gàníyù. Iṣẹ́ aago ló gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà ju ènìyàn méjì lọ, ogójì aago ló wà lára ògiri, kò sì sí méjì tó fẹnu kò nínú wọn. Bí ẹ bá bi í pé kí ni aago wí, á ní, “Èwo nínú wọn?” Ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé. Marufat ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì fi Asiyah, ọmọ tirẹ̀, sọ́dọ̀ bàbá àgbà. Àwọn méjèèjì nìkan ló ń gbé ilé náà.

Asiyah kì í fẹnu kan ohunkóhun tó bá ní àwọ̀ ewé. Búrẹ́dì, bisikíìtì àti gúgúrú ni oúnjẹ tirẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni, kílò mẹ́tàdínlógún péré ló wọ̀n. Ní oṣù kìíní ọdún, nọ́ọ̀sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, Marufat sì pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

“Bàbá, tó bá fi máa di ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí ò tíì pé ogún kílò, mo máa wá mú un wá sí Ìbàdàn. Ẹ má bínú.”

“Èmi wá ńkọ́? Ṣé aago ni kí n máa bá sọ̀rọ̀?”

“Bàbá, ọmọ mi ni.”

Bàbá Gàníyù sọ pé ogún kílò kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ó gbé fóònù kalẹ̀, kò sì fi sìkúrù kan sípò ní gbogbo ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ara ọmọ náà ń bà á. Ká má purọ́, ẹ̀rù ilé tí yóò máa dá gbé náà ń bà á, ó tó báyẹn.

Mọ́ínmọ́ín aago ló kọ́kọ́ ṣe. Ó da ẹ̀wà lílọ̀ sínú àwo aago ògiri àtijọ́ kan, ó sè é, ó fi kárọ́ọ̀tì gé nọ́ńbà méjèèjìlá sójú rẹ̀, ó fi ewé ṣọkọ ṣe ọwọ́ aago.

“Láti aago méjìlá ni kó o ti bẹ̀rẹ̀,” ó wí. “Tó o bá yí i po, o ti jẹun nìyẹn.”

Asiyah jẹ ẹ́ dé aago kan ààbọ̀, ó ní ilẹ̀ ti ṣú, òun fẹ́ lọ sùn. Ìyá Ẹ̀yẹolúwa, aládùúgbò wọn, ló jẹ ìyókù, ó sì he sìkúrù kan ní aago mẹ́fà. Bàbá Gàníyù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́ gidigidi, ó ní ọjọ́ kẹta rèé tí òun ti ń wá a.

Lẹ́yìn mọ́ínmọ́ín ni kúlà dé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ṣẹlẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé ní kí ó yọ aago inú rẹ̀ kúrò. Ó yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó fi àgádágodo àti òṣùwọ̀n kékeré tó ń ṣí i sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, òfìfo ni kúlà máa ń padà wálé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, kò sí ewé kan tó ṣẹ́ kù. Bàbá Gàníyù wá ń yan fanda kiri Takie. Àwọn òbí mìíràn bẹ̀ ẹ́, ó ṣe irú kúlà náà fún ọmọ mẹ́fà.

Ó mú Asiyah lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Kílò mẹ́tàdínlógún.

“Òṣùwọ̀n yín ti bàjẹ́,” ó sọ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì yẹn yà sí yàrá kejì láti mú káàdì, kó sì tó padà dé, òṣùwọ̀n ti di wẹ́wẹ́ mọ́kànlá lórí ìwé ìròyìn. Ìṣòro kankan ò sí lára rẹ̀. Ó tò ó padà lójú wọn, Asiyah tún gun orí rẹ̀, kílò mẹ́tàdínlógún náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ẹ̀yẹolúwa yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ bá mi wo ewúrẹ́ mi yìí o. Mi ò fún un ní nǹkan gidi kan, ó kàn ń sanra ni. Bí wọ́n bá ti lu aago oúnjẹ nílé ìwé, ó ti jáde nìyẹn.”

Bàbá Gàníyù gbé sìkúrù-díráfà sílẹ̀, ó tẹ̀ lé ewúrẹ́. Ẹ̀yìn ọgbà ilé ìwé ni ewúrẹ́ gbà lọ tààrà. Ọmọ méje tò síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, oníkálukú pẹ̀lú kúlà, wọ́n ń da ẹ̀fọ́ sóde látojú ihò ọgbà. Bí ẹ̀fọ́ bá ti lọ, kúlà á ró kẹ́, wọ́n á sì jókòó ti dòdò. Bàbá dúró síbẹ̀ títí ewúrẹ́ fi jẹun tán. Òṣùwọ̀n inú kúlà mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ti kúrò níbẹ̀. Kò mọ ikùn tó lọ.

Nílé, ó pe ọmọ náà jókòó.

“Asiyah, ta ló ń jẹ ẹ̀fọ́ mi?”

“Ewúrẹ́ ni, Bàbá.”

“Kí ló dé tí ìwọ ò jẹ ẹ́?”

“Ẹ̀yin náà kì í jẹ ẹ́. Mo máa ń rí yín. Adìyẹ lẹ máa ń dà á fún lẹ́yìnkùlé.”

Òótọ́ ni. Láti kékeré ni ẹ̀fọ́ ti ń rí i lára. Ọdún méjìdínlógójì ni ìyàwó rẹ̀ fi se ẹ̀fọ́ fún un, tí ó sì fi ọkàn kan kú pé ẹ̀fọ́ ni ọkọ òun fẹ́ràn jù, nítorí pé àwo máa ń mọ́ tónítóní. Ìyàwó rẹ̀ kò fura sí adìyẹ.

“Bí ẹ bá jẹ, mo máa jẹ,” Asiyah wí.

“Ilé ìwé lo ti ń jẹ tìrẹ, ọ̀tọ̀ ni ibi tí mo wà.”

“Ẹ wá síbẹ̀.”

Bí Bàbá Gàníyù, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ṣe di ọmọ kíláàsì kejì nìyẹn. Ojoojúmọ́, bí wọ́n bá ti lu aago oúnjẹ, á ti ṣọ́ọ̀bù pa, á ká ara rẹ̀ sórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Asiyah, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Á bu ṣíbí kan, á di ojú, gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n, á gbé e mì. Asiyah náà á bu ṣíbí kan. Àwọn ọmọ tó kù máa ń yí wọn ká láti wo bí ojú Bàbá ṣe máa fún pọ̀, Anti Abigail sì ṣòfin pé ẹni tí kò bá mú oúnjẹ aṣaralóore wá kò gbọdọ̀ wòran. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo kíláàsì ti ń mú ẹ̀wà, ẹyin, ọsàn àti ìbẹ́pẹ wá. Ewúrẹ́ dúró títí, ó padà sílé.

“Bàbá, ẹ ò jẹ tán,” Anti Abigail á wí.

“Mò ń bọ̀ ná, Anti. Ó kù díẹ̀.”

Nígbà tí ìsinmi dé, Marufat wá láti Ìbàdàn, báàgì òfìfo kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò kó aṣọ ọmọ sí. Wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gba sìkúrù-díráfà lọ́wọ́ Bàbá. Asiyah gun òṣùwọ̀n: ogún kílò, ó lé díẹ̀.

“Kí lẹ ṣe fún un?” Marufat béèrè.

“Bàbá ló ń bá mi jẹ ẹ̀fọ́ nílé ìwé,” Asiyah dáhùn.

“Bàbá wo? Bàbá mi?” Òun ló tọ́jú adìyẹ ilé yẹn nígbà tó wà lọ́mọdé; ó mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó wo bàbá rẹ̀, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Báàgì òfìfo ló gbé padà sí Ìbàdàn.

Ọdún mẹ́rin ni Bàbá Gàníyù tún lò láyé. Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá mọ́, Marufat wá tọ́jú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé oúnjẹ fún un lórí ibùsùn, ó bi í, “Bàbá, ẹ̀fọ́ yìí, ṣé ó ti wá ń dùn mọ́ yín lẹ́nu báyìí?”

Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà.

“Koríko ni, Marufat. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rí.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbé e kúrò nígbà náà.”

“Rárá,” ó wí. “Bu díẹ̀ sí i. Wọ́n ti jáde nílé ìwé, Asiyah máa tó wọlé.”