Etí Àgbò Ìyá Ẹlẹ́ja

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, òórùn Ẹ̀pẹ́ máa ń yí padà. Èéfín ẹja yíyan láti Ọjà Olúwo ṣì máa ń gba gbogbo etí ọ̀sà kan, àmọ́ ìtọ̀ àgbò, èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti ń kan àti koríko gbígbẹ á dà mọ́ ọn, títí aṣọ tí o wọ̀ lọ síbẹ̀ kò fi ní í ṣeé wọ̀ lọ sí ibòmíràn. Inú òórùn yẹn ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo kó lọ sí Itamaga ní Ìkòròdú, tí mo ń bá àwọn ará ẹ́sítéètì jí lójoojúmọ́ láti sáré lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, òórùn yẹn ni mo máa ń sọ pé ó ń pè mí wá sílé. Nísinsìnyí, bí ó bá ti kan imú mi báyìí, inú ló máa ń bí mi. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ìwọ tí o máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò lè sọ̀rọ̀ ọ̀gá mi àtijọ́ láì fajú ro.

Iṣẹ́ ìwádìí la ń ṣe nígbà náà, lórí àwọn àrùn tí ẹ̀fọn, eégbọn àti ẹran ọ̀sìn ń kó ran ènìyàn. Ní àdúgbò bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́, ibà ń yọ àwọn ọmọdé lẹ́nu. Wọ́n á lo oògùn ibà ẹ̀fọn tán, ara wọn á tún gbóná. Ọ̀gá wa, dókítà kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn Èkó, rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eégbọn ara àwọn ẹran tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ilé ló ń fà á. Èrò tó dára ni, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó fi ẹ̀mú kékeré já eégbọn lára ẹran, a ó kó wọn sínú ìgò, a ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn ẹran náà, a ó sì sàmì sí i kí á lè dá a mọ̀ bí a bá padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Torí pé mo jẹ́ ọmọ àdúgbò ni wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́. Èmi ni mo mú wọn lọ kí àwọn àgbà, èmi ni mo lọ bá lẹ́mọ́mù sọ̀rọ̀, èmi náà ni mo jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ìyá, tí mo fi dá wọn lójú pé a ò ní í ba ẹran ẹnikẹ́ni jẹ́.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà ni àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja. Opó ni. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, wọn ò dú àgbò lójúlé rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Iléyá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní òdìkejì àgbàlá kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Bí ọdún bá ti dé, bàbá náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ké sí i pé, "Ìyàwó, adìyẹ tó o ní yẹn, pa á jẹ o. Ta ló fẹ́ bá ọ dú àgbò?" Á wá rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àwàdà ni. Ohun tí Ìyá Ẹlẹ́ja ṣe ni pé ó ra àgbò kan nígbà tó ṣì kéré jọjọ, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ. Bó bá ti ọjà dé, kó tó bọ́ gèlè lórí, á ti gbé èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ síwájú rẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Nígbà tí àwa dé síbẹ̀, àgbò náà ti ga dé ìbàdí mi, ó funfun, ojú rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ sì gùn wálẹ̀ dáadáa. "Lọ́dún yìí," ó sọ fún mi, "bí mo bá ti yídì dé, gbogbo wọn ló máa jẹ ẹran lọ́wọ́ mi." Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ẹni tó bá mọ Iléyá mọ̀ pé ẹran tí a fẹ́ fi rúbọ kò gbọdọ̀ lábùkù. Èyí tó fọ́jú kò yẹ, èyí tó yarọ kò yẹ, èyí tí wọ́n gé létí, àríyànjiyàn ni. Kódà ẹni tó ń ra àgbò lọ́jà á kọ́kọ́ gbá etí rẹ̀ mú wò. Ọ̀gá wa kì í ṣe Mùsùlùmí, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ mo sọ fún un. A wà nínú mọ́tò ní Benson, ní Ìkòròdú, lọ́jọ́ tí à ń lọ, awakọ̀ wa ti sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi, ni ọ̀gá bá fa irin kan yọ nínú báàgì, irú èyí tí wọ́n fi ń lu ihò sára ìwé ní ọ́fíìsì. Ó ní òun la ó máa fi gé etí ẹran díẹ̀ láti sàmì sí i.

"Sà, ẹ lè gé ti ewúrẹ́ àti ti abo àgùntàn," mo ní, "àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan etí àgbò. Iléyá ti dé tán. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dà kùn wọ́n."

"Ọ̀dà máa ń ṣí. Ìlànà kan náà la ní fún gbogbo ẹran."

"Wọn ò ní í sí láyé mọ́ nígbà tí a bá padà wá, sà. Kí la fẹ́ sàmì sí wọn fún?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Sáyẹ́ǹsì la wá ṣe, madam, kì í ṣe wáásí."

Mi ò gbà. Mo ń bá a fà á títí awakọ̀ fi dé, kí ọ̀gá tó wá sọ, bí ẹni ń lé eṣinṣin, pé ó dáa, ká lo ọ̀dà. Èmi fúnra mi ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra agolo ọ̀dà pupa kan nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí. Ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ewúrẹ́ àti abo àgùntàn nìkan la ṣe, gbogbo rẹ̀ sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá wa sọ pé yìnyín inú kúlà ti ń yọ́, kí n bá awakọ̀ gbé àwọn ẹ̀jẹ̀ àti eégbọn tí a ti kó lọ sí yàrá àyẹ̀wò ní Ìkòròdú. Awakọ̀ ì bá dá gbé e lọ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí n kúrò níbẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé mi ò lẹ́rìí, torí mo rí ojú tó fi ń wò mí. Mo ti gbé ẹrù náà sílẹ̀, a ti ń padà lọ, a ò tíì kọjá Itamaga nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá Ẹlẹ́ja ni.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "àwọn èèyàn rẹ ti gé etí àgbò mi."

Kò pariwo, kò sunkún. Ó pa fóònù kí n tó lè sọ nǹkan kan. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti yí ọ̀gá wa ká lábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín àgbàlá. Àgbò náà wà lórí ìso, wọ́n ti gé apá kan etí rẹ̀ òsì kúrò bí ẹni bu búrẹ́dì jẹ, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ irun ọrùn rẹ̀, eṣinṣin sì ń bà lé e. Agolo ọ̀dà tí mo rà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, wọn ò tilẹ̀ ṣí i. Àgbò ojúlé mìíràn náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gé létí, àwọn tó ni wọ́n sì ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ariwo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń pariwo pé, "Ẹ jẹ́ ká gé etí tiẹ̀ náà, ká lè dá a mọ̀ bó bá padà wá!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́.

"Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀ jàre," ọ̀gá wa sọ fún mi. "Etí lásán ni. Ẹran ò kú. A lè ra òmíràn fún Ìyá."

"Òmíràn wo?" Ìyá Ẹlẹ́ja dá a lóhùn. "Òmíràn wo ni mo fọwọ́ mi bọ́?"

Mo wo ojú ọkùnrin yẹn, mo sì sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé, "Sà, ojú ò tì yín." Ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tó wà nínú mi rárá. Àmọ́ ìyẹn ò gbà mí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn mi. Ìyá àgbà kan tó mọ̀ mí láti kékeré kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ lo mú wọn wá."

Wọ́n ránṣẹ́ pe lẹ́mọ́mù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ etí àgbò náà sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní ohun tí wọ́n gé kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, pé Ọlọ́run á gbà á. Àwọn yòókù mí kanlẹ̀, wọ́n tú ẹran wọn lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Ẹlẹ́ja bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. "Wọn ò tíì dú u," ó ní, "wọ́n ti ń pín in!" Mo rí ojú Ìyá Ẹlẹ́ja nígbà tí àwọn èèyàn bá a rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ lẹ́mọ́mù, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ààfáà. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé àjẹkù ẹlòmíì fún Ọlọ́run." Ó fa àgbò rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Iléyá, èmi àti Ìyá Ẹlẹ́ja jọ lọ sí yídì, a jọ padà wálé. Gbogbo ojúlé ló ń dú ẹran, èéfín àti òórùn irun sísun gba àdúgbò kan. Àgbò tiwa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń jẹ èèpo iṣu. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wá gbé abọ́ ẹran kan wá, bàbá fúnra rẹ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ẹ gbé e fún ìyàwó wa, kó má baà fi ẹnu lásán ṣọdún." Ìyá Ẹlẹ́ja kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́. Ó sè é, ó bù fún mi. Mo jẹ ẹ́, torí pé ó ń wò mí.

Iléyá ti kọjá nígbà tí èsì dé láti yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n rí ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ àgbò mélòó kan tí wọn ò rí nínú ti ewúrẹ́ àti abo àgùntàn, kò sì tíì dá wọn lójú. Wọ́n nílò ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀gá wa wá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè àgbò tí wọ́n gé létí, àwọn ènìyàn sì ń na ìka sí ikùn wọn fún un. Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Èyí tó kù láyé kò ju ti Ìyá Ẹlẹ́ja lọ. Ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá náà, ó fìka kan ilẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ péré. Nítorí àwọn ọmọ wa ni."

"Ẹ bá mi dá etí rẹ̀ padà," Ìyá Ẹlẹ́ja ní. "Bí ẹ bá ti dá a padà, ẹ wá fa gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀."

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé òótọ́ lọ́rọ̀ àwọn ọmọ tó sọ. Torí rẹ̀ ni mo ṣe dá padà lọ bá Ìyá Ẹlẹ́ja nígbà tí ọ̀gá ti lọ, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìwọ náà tún fẹ́ mú lára rẹ̀?" Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Iṣẹ́ náà dá dúró síbẹ̀. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀gá wa ń sọ kiri nípàdé pé àìmọ̀kan àwọn ará ìlú ló bà á jẹ́, ọjọ́ tí mo sì gbọ́ ọ ni mo fiṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ti rí iṣẹ́ mìíràn báyìí, ní ìlú mìíràn. Ibà ṣì ń ṣe àwọn ọmọ àdúgbò wa. Bóyá eégbọn ni, bóyá nǹkan mìíràn ni, a ò mọ̀, ẹni tó bá sì tún fẹ́ wá wádìí, wọ́n á lé e.

Àwọn tí mo sọ ọ́ fún máa ń ní kí n dárí jì í, pé ọjọ́ ti pẹ́. Mi ò dárí jì í. Òun gé etí ẹran, ó wọ mọ́tò lọ, àmọ́ èmi ni mo nílé níbẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja ti bọ́ àgbò mìíràn dàgbà, ó ti dú u, gbogbo wọn sì ti jẹ ẹran lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ọdọọdún ló ń bọ́ òmíràn. Bí mo bá lọ kí i nígbà tí Iléyá bá ku díẹ̀, màá rí àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ń fa àgbò wọn wọlé bí mo bá ti ń kọjá. Òun kì í fa tirẹ̀ wọlé. Ó máa ń dìde pàdé mi, á kí mi tẹ̀rín-tọ̀yàyà, á béèrè ọkọ mi, á béèrè àwọn ọmọ, á ní kí n wá jẹun. Ọwọ́ kan ló fi ń gbá mi mọ́ra. Èkejì, á ti fi bo etí àgbò rẹ̀.