Ìbọ̀wọ́ Nọ́ọ̀sì

Mo jowú nọ́ọ̀sì, kí n má purọ́. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ, mo gbéra láti Lákòwé lọ sílé rẹ̀ ní àdúgbò Abraham Adésànyà ní Ajah, pẹ̀lú àdí, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn. Ta ní í wẹ ọmọ tuntun bí kò ṣe ìyá àgbà? Àfi bí mo ṣe bá nọ́ọ̀sì nídìí ọpọ́n, tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà funfun, tó ń wẹ ọmọ-ọmọ mi.

"Màámi, ẹ má bínú," ni ọmọ mi wí. "Ẹja yíyan ti mú ọwọ́ yín le jù, ara béébì sì ṣì rọ̀ gan-an. Nọ́ọ̀sì á máa wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ẹ sinmi ní tiyín."

Kí n sinmi! Ọwọ́ tó wẹ òun náà dàgbà ló wá le jù. Lábúlé wa, òkú àti ìdọ̀tí là ń fi ìbọ̀wọ́ gbé. Lójú tèmi, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ń ṣọ́ra fún ohun tó fẹ́ dì mú ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kò mọ ìyẹn. Bí rọ́bà yẹn bá ti kàn án báyìí, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Owú tí n kò jẹ sí orogún nílé ọkọ, ilé ọmọ mi ni mo ti wá jẹ ẹ́. Mo tilẹ̀ ń gbàdúrà kí òjò dí nọ́ọ̀sì lọ́nà.

Òjò náà sì rọ̀. Omi kún ojú ọ̀nà Ajah, nọ́ọ̀sì pè pé òun á pẹ́. Egbò iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọ mi kò tíì jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ló bá ké sí mi láti yàrá pé kí n bá òun wẹ ọmọ jàre. Inú mi dùn. Mo ká aṣọ sókè, mo ń ki ọmọ ní oríkì ìdílé wa. Bí ọwọ́ mi ṣe kàn án ló figbe ta. Mo fi àdí pa ọwọ́, ó ń ké. Mo tún kì í, igbe ló fi dá mi lóhùn.

Páálí ìbọ̀wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Mo wò ó títí, mo fa méjì yọ, mo fi tipátipá kì wọ́n bọ ọwọ́. Mo tún gbé ọmọ. Ó ṣẹ́jú, ó mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.

Ohùn ọmọ mi wá láti yàrá, ara ti tù ú: "Ah, nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé o! Ìgbà wo lẹ dé?"

Mo ń bu omi sí ọmọ lẹ́yìn.