Ojú Tí Mo Fi Ìkúnlẹ̀ Bò

Bí mo bá ti gbóòórùn ọṣẹ dúdú, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ìfọ̀ ni mo máa ń rántí, nígbà tí ìrorẹ́ kún ojú mi. Ọ̀rẹ́ màmá mi wá kí wa. Mo kúnlẹ̀, mo dojú bolẹ̀, mi ò gbé e sókè rárá kí wọ́n má baà rí ìrorẹ́ náà.

"Ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o!"

Ojú tì mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sá lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi kànrìnkànrìn àti ọṣẹ ha ojú mi títí ó fi ń ta mí. Màmá mi bá mi níbẹ̀, wọ́n já a gbà.

"Ṣé ìdí ìkòkò ni?"

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọṣẹ díẹ̀ títí ó fi hó, wọ́n rọra fi pa ojú mi, wọ́n sì fi omi tútù ṣan án.

"Báyìí ni kóo máa ṣe é, láàárọ̀ àti lálẹ́. Má tún fọwọ́ tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sún mọ́ mi, ó dúdú kirikiri ju ọrùn wọn lọ.

Nírọ̀lẹ́, ìyá onílé wọlé. Màmá mi kúnlẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Ọ̀yọ́, ìlú wọn, nìyẹn.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ìpara tí wọ́n fi lé ìrorẹ́ tiwọn nígbà ọmọge ló jó wọn lójú.