Gìtá Mi Tí Mo Ní Ó Ti Bàjẹ́

Ó ku díẹ̀ kí ìlara pa mí ní ọjà Treichville lónìí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa pé gìtá mi ti bàjẹ́, òun ni kì í jẹ́ kí orin wa dùn. Ni èmi àti Màmá Ẹ̀bùn, olórí akọrin, bá gbé e lọ sọ́jà láti lọ tà á.

Ọkùnrin ará Kóńgò kan ní òun fẹ́ dán an wò. Ó yí okùn rẹ̀ díẹ̀, ló bá fi í ta orin rúńbà.

Ẹ sì mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn rúńbà! Lọ́wọ́ tèmi, bí agolo ni gìtá yìí ń dún. Lọ́wọ́ tirẹ̀, àwọn aláṣọ pa ọjà tì. Ẹsẹ̀ tèmi gan-an ń jó, mo ń bá a wí, kò gbọ́.

Ó dá a padà fún mi: "Tonton, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tà á o. Gìtá gidi nìyí."

Màmá Ẹ̀bùn wò mí látòkè délẹ̀: "Ṣé èyí tó bàjẹ́ náà nìyẹn?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìsìn dimanche, ọjọ́ Àìkú, ń bọ̀. Kí ni n ó tún sọ pé ó bàjẹ́?